Ìlà Kékeré Tó Sọnù ní Ṣómólú

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi lé mi kúrò ní ẹ̀ka iṣẹ́ ẹnjiníà ni pé mi ò mọ ìṣirò. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ọdún ti gorí ọdún, inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí pé inú ń bí mi. Màá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ létòlétò, torí pé àwọn tó ṣe é fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ dàrú.

Ayé ìjọba ológun ni. Àwọn sójà ti ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ìgbànú ọ̀pọ̀ èèyàn ní Bàrígà ti wà ní ihò tó kẹ́yìn tipẹ́tipẹ́. Bàbá mi, tó ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ìjọba láti ìgbà tí ìdílé rẹ̀ ti kó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró lójijì. Ìyá mi ló ń gbé ilé ró. Ó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ìlàjẹ létí ọ̀sà, ó ń yan án lẹ́yìnkùlé, ó sì ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé. Èmi ni àkọ́bí wọn. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé wa, mo ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, a ò sì ju obìnrin mélòó kan lọ ní kíláàsì náà. Nílé wa nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí kì í ṣe ìráhùn: "Tó bá di ẹnjiníà."

Ìwé òyìnbó ò wọlé mọ́. Èyí tó wà ní ilé ìkàwé, àwọn tó ṣáájú wa ti ya ojú ewé tó wúlò lọ, wọ́n fi ìdúpẹ́ àwọn òǹkọ̀wé sílẹ̀ fún wa. Nítorí náà ni gbogbo olùkọ́ ṣe di òǹkọ̀wé lójijì. Olùkọ́ á da ohun tó wà nínú ìwé òyìnbó tó fi jáde ilé ẹ̀kọ́ kọ, á gbé e lọ sí Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ̀ sí ju ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí lọ. Àwọn tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà òkú náà ni wọ́n á bá a fi táípù lù ú sórí ìwé onída tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi pín-ìn-nì dì í. Ohun tó bá jáde, hándáòtì ni wọ́n ń pè é. Hándáòtì yìí ni ìwé wa, òun ni olùkọ́ wa, òun náà ni ìdánwò wa. Olùkọ́ ìṣirò wa kò ju pé kó wọlé, kó ka tirẹ̀ sí wa létí bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìkìlọ̀ ìjọba lórí rédíò, kó sì jáde. Bí èèyàn bá nàwọ́ béèrè ìdí, á ní, "Ó wà nínú hándáòtì." Bó bá sì jẹ́ pé inú hándáòtì gan-an ni ìbéèrè náà ti wá, á ní, "Tún un kà."

Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ń jáde lọ́dọọdún. Wọ́n so ẹrù kan mọ́ ìdí sípíríǹgì, wọ́n fà á sísàlẹ̀, wọ́n jù ú sílẹ̀. Báwo ni yóò ṣe máa rìn? Kò sẹ́ni tó nílò yunifásítì kó tó mọ ìdáhùn yẹn. Ẹni tó bá ti jókòó sínú mọ́tò tó já sí kòtò ní Bàrígà, ìdí rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un: mọ́tò á lọ sílẹ̀, á fò sókè, á tún lọ sílẹ̀, á sì rọra parọ́rọ́. Ohun tí ìṣirò wá ṣe níbẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí ẹnjiníà lè sọ bí yóò ṣe fò tó, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó parọ́rọ́, kó tó di pé ó ra irin kankan, kó tó di pé ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni kán. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ ẹnjiníà ní ìṣirò nìyẹn. Ojú ni, tí a fi ń rí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ògì.

Nínú ìdọ́gba, ohun tí òyìnbó ń pè ní "equation", tó sọ ọ̀rọ̀ sípíríǹgì yìí, àmì ìyọkúrò kan wà, ìlà kékeré kan tí kò gùn tó hóró ìrẹsì. Iṣẹ́ ìlà yẹn ni láti sọ pé sípíríǹgì ń fa ẹrù padà. Bí o bá fà á sísàlẹ̀, á gbé e sókè. Bí o bá tì í sókè, á tì í sísàlẹ̀. Ìlà yẹn ni "padà." Bí o bá mú un kúrò, ohun tí ìdọ́gba náà ń wí yí pátápátá: bí o bá fa ẹrù sísàlẹ̀, sípíríǹgì á tún bá ọ tì í sísàlẹ̀ ni, á máa tì í lọ, á máa yára sí i, kò sì ní dúró láé.

Nínú hándáòtì wa, ìlà náà kò sí níbẹ̀. Bóyá ìwé onída ni kò gbà á dáadáa, bóyá tàdáwà ló fò ó, Ṣómólú ti gbé e mì. Nínú ojú ewé ìdáhùn tí olùkọ́ fi kún un lẹ́yìn tí ìwé ti dé, ó ti yanjú gbogbo ìyókù iṣẹ́ náà láti orí ìdọ́gba abirùn yẹn, ìlà lẹ́yìn ìlà, láìsí àṣìṣe mìíràn, títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ irọ́ náà kí ó lè dúró dáadáa.

Mo fi í han ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọkùnrin ará Ṣómólú tí a jọ máa ń kàwé.

"Wò ó, àmì kan ti já síbí."

"Níbo?"

"Níwájú sípíríǹgì. Mínọ́ọ̀sì ló yẹ kó wà níbẹ̀."

Ó wò ó, ó gbé ojú kúrò. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. "Ó ti já, jẹ́ kó já. Ṣé mínọ́ọ̀sì bàbá ẹ ni?"

"Bí a bá fi sílẹ̀ báyìí, mọ́tò tó bá já sí kòtò á máa fò lọ sọ́run nìyẹn."

"Kó máa lọ. Ṣáà jẹ́ kí n ti pàásì kó tó dé ọ̀run."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ fẹ̀rín ya. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Mínọ́ọ̀sì. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí ni orílẹ̀-èdè yìí fẹ́ gbé afárá àti iná mànàmáná lé lọ́wọ́, ẹ rántí.

Nígbà tí ìdánwò dé, ìbéèrè náà jáde bó ṣe máa ń jáde. Mo fi ìlà náà síbi tó yẹ kó wà, mo ṣe iṣẹ́ náà dé ìparí, ẹrù mi lọ sókè, ó lọ sílẹ̀, bí ẹrù gidi. Àwọn ará kíláàsì mi rán ẹrù tiwọn lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ láìlópin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ sórí. Wọ́n pàásì. Èmi fèélì. Ìbéèrè yẹn ló gbé máàkì jù, òdo ni wọ́n sì fún mi níbẹ̀, òdo ńlá tí wọ́n fi tàdáwà pupa yí bí ìgbà tí wọ́n ń yí okùn mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá fèélì ìṣirò á tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún fèélì, wọ́n á lé e kúrò nínú iṣẹ́ ẹnjiníà.

Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo kéré nígbà náà. Mo rò pé bí èèyàn bá ṣàṣìṣe, tí o sì fi ohun tó ṣe hàn án, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Àga bàbá mi ní pálọ̀ ti ya, sípíríǹgì ti yọrí lára rẹ̀ bí eyín ọ̀kẹ́rẹ́. Mo tú ọ̀kan jáde. Mo mú ágádágodo ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, èyí tó wúwo bí òkúta, mo kó méjèèjì sínú báàgì, mo sì gba ọ́fíìsì olùkọ́ náà lọ. Mo kí i, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà mo gbé sípíríǹgì dání níwájú tábìlì rẹ̀, mo fi ágádágodo kọ́ ìdí rẹ̀, mo fà á, mo jù ú sílẹ̀.

"Kí nìyẹn?" Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé òkú eku wá fún.

"Sípíríǹgì ni, sà. Ti ìbéèrè inú ìdánwò."

"Ta ló ní kó o máa kó páńtí wá sí ọ́fíìsì mi?"

"Sà, hándáòtì sọ pé kò ní dúró. Ẹ wò ó, sà, ó ti ń dúró."

Ágádágodo náà sì ń dúró lóòótọ́. Ó jó díẹ̀, ó jó kéré sí i, ó kàn ń mì, ó parọ́rọ́. Àwa méjèèjì jọ wò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ìtìjú wà nínú ọkùnrin yẹn, ibẹ̀ ló yẹ kó ti yọjú.

"Gbọ́, ọmọbìnrin yìí," ó ní. "Èmi ò kọ́ yín ní sípíríǹgì. Ìṣirò ni mo kọ́ yín. Bí sípíríǹgì bá ń wù ọ́, mẹkáníìkì kún Bàrígà. Hándáòtì ni mo fi ń máàkì. Ohun tí kò bá sí nínú hándáòtì, kò sí."

Mo kó ẹrù mi, mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ ẹnjiníà lọ. Mo ní ẹnjiníà ni tirẹ̀, irin ni iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sípíríǹgì á yé e kí n tó yanu. Ó tilẹ̀ yé e. Kò jẹ́ kí n so ágádágodo tán tó fi ń mi orí.

"O tọ̀nà," ó ní. "Mínọ́ọ̀sì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ọmọ tó wà ní séńkọ́ńdìrì mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Sọ fún ta ni? Ìṣirò kì í ṣe tiwa. Ẹ̀ka ìṣirò ló ń bá wa kọ́ yín. Àwa kàn ń gba máàkì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni."

"Ṣùgbọ́n sà, sípíríǹgì, ti ẹnjiníà ni."

"Sípíríǹgì jẹ́ tiwa. Ìdọ́gba jẹ́ tiwọn." Ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Lọ bẹ̀ ẹ́."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó burú ju ìyẹn lọ láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ èyí tó gọ̀ jù ú lọ. Àwọn oníṣirò ń wo irin bí ìdọ̀tí tí yóò ba aṣọ funfun wọn jẹ́. Àwọn ẹnjiníà ń wo ìṣirò bí géètì: o ti fò ó, o ti wọlé, kí lo tún ń bojú wẹ̀yìn fún? Ààlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń roko níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹnjiníà ti ń hù. Ẹni tó lè yanjú ìdọ́gba tí kò sì mọ ohun tí ìdọ́gba ń bá a sọ, akọ̀wé ni, kì í ṣe ẹnjiníà. Ẹni tó mọ irin tí kò lè ṣírò rẹ̀, á máa dán an wò lára èèyàn. Orílẹ̀-èdè yìí ti kó irú méjèèjì jọ, ó sì ń béèrè ìdí tí ilé fi ń wó.

Nílé, ìyá mi ti ń wá ágádágodo rẹ̀.

"O gbé kí ni lọ bá lẹ́kíṣọ́rà?"

"Sípíríǹgì àga dádì."

"Àti ágádágodo mi! Ẹ gbà mí o. Ẹni tí wọ́n ní kó lọ kàwé ló ń fi irin lọ olùkọ́ ẹ̀. Ṣé òun ni lẹ́kíṣọ́rà àbí ìwọ ni?"

"Irọ́ ló wà nínú ìwé ẹ̀, Màámi."

"Irọ́ wà nínú ìwé ìjọba náà, ṣé mo lọ já a ni?"

Bàbá mi jókòó sínú àga rẹ̀, tó ti ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí sípíríǹgì tí mo yọ. "Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́," ó ní, "ohun tí ọ̀gá bá kọ la máa ń dà kọ. A kì í bi í." Ìwé tí wọ́n fi dá òun náà dúró, ọ̀gá kan ló kọ ọ́, akọ̀wé kan sì jókòó, ó dà á kọ, kò bi í.

Ẹ̀bẹ̀ ni ìyá mi gbé kalẹ̀. Ní àdúgbò wa, bí àgbà bá ṣẹ̀ ọ́, ìwọ lo máa lọ bẹ̀ ẹ́, o ò sì gbọ́dọ̀ dá lọ. Wàá wá àgbà mìíràn tó mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀, kó ṣáájú rẹ. Ẹni tí ìyá mi wá ni lándílọ́ọ̀dù wa, Alájì kan tó fẹ́ràn ẹ̀bẹ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó ti bẹ ọlọ́pàá, ó ti bẹ àna, ó ti bẹ sójà tó gbá ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Kò tíì bẹ ìṣirò rí. Ó wọ agbádá, ìyá mi di ẹja yíyan tó dára jù sínú bébà, èmi tẹ̀lé wọn lẹ́yìn bí àgbò ọdún, ó di Palmgrove, nílé olùkọ́ náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan.

Rọ́bà ló fi bo àwọn àga rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, sójà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ fún wa pé ìyà yìí fún ire wa ni. Kí wọ́n tó ní ká jókòó ni Alájì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dákun, Ọ̀mọ̀wé. Ọmọdé ni. Ọpọlọ ẹ̀ ló tóbi ju orí ẹ̀ lọ."

"Ẹ dìde, Alájì."

"A ò ní dìde."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, sìmẹ́ńtì tutù."

"Kó máa tutù. Bẹ́ ẹ bá lè dárí jì í, ara mi á yá."

Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ wò ó mọ́ mi lára, sà. Kí ló ṣe gan-an? Torí kò yé mi."

"Ó ní àmì kan sọnù nínú ìwé mi."

Alájì gbé orí sókè láti ilẹ̀, ó yíjú sí mi. "Àmì kan péré? Ìwọ ọmọ yìí, mo rí ìwé náà lọ́wọ́ ẹ. Kìkì àmì ló kún ibẹ̀! Ọ̀kan péré ni wọ́n sọnù, o wá lọ ń ka ìyẹn sí wọn lọ́rùn?"

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ ti yọ́, ẹja ti ń ta sánsán, èèyàn wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti wá rí bó ṣe fẹ́ kó rí. Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tí mi ò lè gbàgbé.

"Ṣé ó rò pé mi ò mọ̀ ni?" ó ní. "Ọjọ́ tí wọ́n kó ìwé náà dé láti Ṣómólú ni mo ti rí i pé ìlà yẹn já. Ṣé kí n wá ní kí wọ́n tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ ni, nígbà tí bébà ti di wúrà? Ohun kan náà ni gbogbo yín ń kọ́, ohun kan náà ni mo ń máàkì. Ta ló pa lára?"

Ó mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ágádágodo sójú rẹ̀, mo ti ń rò ó ní àìmọ̀kan, mo sì ti ń ṣàánú rẹ̀ díẹ̀. Àìmọ̀kan ṣeé wò sàn. Ọkùnrin yìí mọ̀, ó fi kọ́ni, ó fi ṣe ìdánwò, ó fi òdo pupa lu ẹni tó sọ òtítọ́, torí pé fífi bírò fa ìlà kékeré kan sínú ìwé, tàbí kó tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu ní kíláàsì, ti pọ̀ jù fún un. Bébà wọ́n, ó ní. Ẹnu náà wọ́n ni?

"Ẹ ò rí nǹkan!" Alájì ti dìde, ó ń gbọn agbádá rẹ̀, ayọ̀ kún un. "Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀! Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Ìbéèrè náà á tún jáde," olùkọ́ sọ fún mi. "Kọ ohun tó wà nínú hándáòtì. Gba máàkì ẹ, kó o máa lọ di ẹnjiníà ẹ."

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi kò mọ ìṣirò, wọ́n sì kọ́ ọ dáadáa nílé. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Bí a ṣe ń bọ̀, Alájì fi ìka fa ìlà kan sínú afẹ́fẹ́. "Ṣó o rí bí ayé ṣe rí? Ìlà kan. O mú un kúrò, o di ẹnjiníà. O fi í síbẹ̀, o di kí ni?" Ìyá mi ní kí Ọlọ́run bùkún fún un.

Mo fẹ́ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́. Mo ti rí ojú ìyá mi lórí sìmẹ́ńtì Palmgrove. Nígbà tí mo jókòó sí ìdánwò kejì, tí mo ka ìbéèrè náà, mo kọ ìdọ́gba rẹ̀ sílẹ̀ láìfi ìlà náà sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú rẹ̀. Ẹrù náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ lójú mi, ó ń sá lọ, ó ń sá lọ, kò sí ohun tó fà á padà. Ohun tó ṣe mí kì í ṣe ìgboyà. Ìríra ni. Bí ìgbà tí wọ́n ní kí o jẹ ohun tí ajá ti pọ̀, kí o sì yin ẹni tó sè é. Mo padà sókè, mo fa ìlà náà sí i, mo fagi lé ìyókù, mo yanjú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní ìsàlẹ̀, mo kọ gbólóhùn kan tí ẹnikẹ́ni ò bi mí: "Bó bá jẹ́ ti hándáòtì ni, ẹrù yìí ti kọjá Palmgrove báyìí."

Ẹ ti mọ èsì. Òǹtẹ̀ àti pátákó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ tààrà fún ìgbà pípẹ́. Ẹja ló ń bá sọ̀rọ̀, kí n lè gbọ́. "Ẹja," á ní, "ìwọ bá mi bi í, ṣé mínọ́ọ̀sì ni a ó sè lálẹ́ yìí?" Bàbá mi fi aṣọ dí ihò àga rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé ìwà òmùgọ̀ wọn dé góńgó. Yunifásítì kò lé mi jáde pátápátá. Wọ́n ní àánú ṣe àwọn. Wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, kí n lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni ní ìṣirò. Ẹ tún un kà bí kò bá yé yín. Ẹni tí wọ́n ní kò mọ ìṣirò tó láti di ẹnjiníà, òun ni wọ́n rán láti lọ kọ́ àwọn ọmọ tí yóò di ẹnjiníà ní ìṣirò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú ìgbìmọ̀ tó pinnu bẹ́ẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn.

Bí mo ṣe di olùkọ́ ìṣirò ní Bàrígà nìyẹn, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí páànù rẹ̀ ń jò sórí àwọn ọmọ, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń gbé òórùn ẹja wọlé láti àdúgbò àwọn Ìlàjẹ. Mo kan ìṣó kan mọ́ òkè pátákó, mo fi sípíríǹgì àga bàbá mi kọ́ ọ. Kíláàsì yòówù tó bá wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń ṣe ni pé kí n so ágádágodo mọ́ ọn, kí n jù ú sílẹ̀, kí n ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí lẹ́nu ara wọn kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ àmì kan sílẹ̀. Sójà lọ, sójà mìíràn dé, ìgbànú ò tú.

Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn tí mo kọ́, ó mú bí abẹ. Yunifásítì tí wọ́n ti lé mi lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà ló wọlé sí, ẹ̀ka iṣẹ́ ẹnjiníà náà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ ilé, ó wá bá mi ní kíláàsì. Ó kí mi, ó ṣí báàgì, ó yọ hándáòtì kan. Èèpo rẹ̀ ti yí padà, ó ti di búlúù. Inú rẹ̀ kò yí padà. Mo ṣí i sí ojú ewé náà láìwo nọ́ńbà.

"Ma, nǹkan kan sọnù níbẹ̀," ó ní.

"Mo rí i."

"Mo sọ fún lẹ́kíṣọ́rà wa. Wọn kì í ṣe ti ẹ̀ka ìṣirò mọ́ o, ẹnjiníà ni wọ́n, àwọn ẹnjiníà ló ń kọ́ wa fúnra wọn báyìí." Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ará Ṣómólú ni.

"Kí ló wí?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, ó ti já, kí n jẹ́ kó já. Wọ́n wá ní," ó wo ilẹ̀, "wọ́n ní, ṣé Ìyá Mínọ́ọ̀sì ló kọ́ mi ní séńkọ́ńdìrì?"

Mo jókòó. Èmi ti rò pé ìwà àgàbàgebè yẹn á bá olùkọ́ wa àtijọ́ fẹ̀yìntì. Wọ́n ti gba ìṣirò wá sílé àwọn ẹnjiníà nígbẹ̀yìn, bó ṣe yẹ, wọ́n sì gba irọ́ inú rẹ̀ mọ́ ọn, bí ẹni tó ra ilé tó sì ní kí eku máa gbé e.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa ṣe ìdánwò, ma. Èwo ni kí n kọ?"

Ọ̀rọ̀ Alájì ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì. Mo ní, "Bó o bá kọ ọ́ bó ṣe wà, wàá pàásì."

"Mo mọ̀."

"Bó o bá fi ìlà náà sí i, wọ́n lè lé ọ kúrò nínú iṣẹ́ ẹnjiníà. Ibi tí mo wà yìí ni wọ́n máa gbé ọ wá."

Ó wo kíláàsì náà yí ká: páànù tó ń jò, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, sípíríǹgì lórí ìṣó. "Ma, ṣé ó burú níbí?"

"Ó burú gan-an ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó gba hándáòtì lọ́wọ́ mi, ó yọ bírò láti irun rẹ̀, ó sì fa ìlà náà sí ibi tó yẹ kó wà, ó fi agbára fà á débi tí bébà fi lu. Lẹ́yìn náà ló ń wò mí, bí ẹni tó ti ṣe ohun tí kò ní ìdápadà.

Mo dìde, mo yọ sípíríǹgì kúrò lórí ìṣó, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

"Gbé e fún lẹ́kíṣọ́rà ẹ. Sọ fún un pé Ìyá Mínọ́ọ̀sì ló fi ránṣẹ́. Kó so nǹkan kọ́ ọ níwájú gbogbo kíláàsì kí wọ́n tó ṣe ìdánwò, kó fà á, kó jù ú sílẹ̀. Tó bá lọ sọ́run, kó máàkì ẹ bó ṣe wù ú."

"Ágádágodo ńkọ́, ma?"

"Kó lọ wá tiẹ̀. Ìyá mi ṣì ń béèrè èyí lọ́wọ́ mi."